Arọ́pò-Orúkọ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹnu Ọmọ Yorùbá

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀kọ́ èdè mu ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti rò lọ. Kò sí ọmọ tí ó ń wọ ilé-ìwé láìní èdè kan lẹ́nu, èdè tí ó gbé ti ilé wá yìí ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọmọ Yorùbá ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì wò, pàápàá jù lọ ẹ̀kọ́ lórí arọ́pò-orúkọ, a ó rí i pé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni a ti ń bọ́ ẹ̀ṣọ́ náà lára ọmọ, tí a sì tún ń bá a wí pé ìhòòhò ni ó wà.

Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítòsí Ẹ̀gbẹ́dá àti Akówọnjọ, jẹ́ ibi tí ó yẹ láti fi ọ̀rọ̀ yìí wò. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo agbègbè náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Èkó ti fẹ̀ dé ibẹ̀ ó sì ti kọjá. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí a kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan ju 1,200,000 lọ. Ọmọ Àwórì, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ígbò àti ọmọ Haúsá lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níbẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà, Píjìn ni wọ́n fi ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá lójú pátákó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ arọ́pò-orúkọ ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe, irú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ó wò.

Bí ẹ̀kọ́ náà ti sábà máa ń lọ nìyí. Olùkọ́ yóò kọ ìtumọ̀ kan sójú pátákó: arọ́pò-orúkọ ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò dípò orúkọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò ka àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ní ení, èjì: èyí tí ó dúró fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tàbí ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bí I, you, he, she, it, we àti they, èyí tí ń fi ìní hàn, bí mine àti hers, èyí tí ń dá ìṣe padà sára olùṣe, bí myself àti themselves, èyí tí ń fi hàn pé ẹni méjì ń ṣe nǹkan sí ara wọn, bí each other, èyí tí ń tọ́ka, bí this àti those, èyí tí ń béèrè, bí who àti what, èyí tí ń so gbólóhùn mọ́ orúkọ tí ó ṣáájú rẹ̀, bí which àti whose, àti èyí tí kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó, bí somebody àti everybody. Àwọn ọmọ yóò kọ ọ́ sínú ìwé, wọn yóò há a sórí, ẹ̀kọ́ parí. Ní ọjọ́ ìdánwò, ọmọ tí ó bá ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìfo ọ̀kan ni a ó yìn.

Àléébù kìíní wà nínú kíkà yìí. Àwọn ọmọ ń rò pé mẹ́jọ ni Ọlọ́run dá arọ́pò-orúkọ, bí ó ti dá ìka mẹ́wàá sí ọwọ́ ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lindley Murray, ẹni tí ìwé gírámà rẹ̀ ti ọdún 1795 gbilẹ̀ ní ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yà mẹ́ta péré ni ó pín in sí, kí ó tó wá pín ọ̀kan nínú wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn tí ó tẹ̀lé e pín in bí ó ti yé wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà nínú ọ̀rọ̀ yìí láàárín ìgbà náà sí ìsinsìnyí; àwọn tí ń tò ó ni wọ́n ń yí ètò wọn padà. Bí a bá wá na ọmọ nítorí pé méje ni ó rántí, kí ni a nà án fún?

Àléébù kejì wà nínú ìtumọ̀ tí a kọ sójú pátákó. Bí ọmọ bá wí pé, “Mo ti jẹun,” orúkọ wo ni mo wà ní ipò rẹ̀? Ọmọ tí ń jẹ́ Adé kì í wí pé, “Adé ti jẹun,” nígbà tí ó bá ń sọ ti ara rẹ̀, àfi bí ó bá ń ṣeré. Mo àti o, bí I àti you, kò rọ́pò orúkọ kankan; ẹni tí ó la ẹnu àti ẹni tí ó tẹ́ etí ni wọ́n ń fi hàn. Ó àti wọ́n, bí he, she, it àti they, ni ìtumọ̀ yẹn bá mu dáadáa. Nobody, ní tirẹ̀, kò ní orúkọ tí ó lè rọ́pò rárá. Orúkọ tí àwa fúnra wa fi pè é, arọ́pò-orúkọ, láti inú ìtumọ̀ yìí kan náà ni ó ti wá. Kò sí láìfí nínú orúkọ náà, níwọ̀n ìgbà tí olùkọ́ bá mọ̀ pé orúkọ ni, kì í ṣe àlàyé.

Ṣùgbọ́n àléébù tí ó burú jù ni ẹ̀kẹta: ibi tí ìṣòro ọmọ wà gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ń fò kọjá. Ọmọ tí ó ka ẹ̀yà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán yóò délé, yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún àlejò pé ìyá òun ti lọ sí ọjà: “My mother has gone to market. He will come back in the evening.” Àwọn tí ó gbọ́ yóò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹnì kan yóò pè é ní olódo. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà mọ̀ pé obìnrin ni ìyá òun, ó sì mọ she nígbà tí a béèrè rẹ̀ nínú àkọ́sórí. Ohun tí kò sí ẹni tí ó sọ fún un ni pé èdè tí ó gbé ti ilé wá kò fi arọ́pò-orúkọ ya akọ yà sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Ó ti lọ: bàbá ni, ìyá ni, ajá ni, ọkọ̀ ni, ó kan náà ni. Ìdájọ́ tí Yorùbá kì í ṣe nígbà tí ó bá ń lo ọ̀rọ̀ yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi dandan mú un ṣe nígbà gbogbo, àní nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń yára jáde lẹ́nu. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà tí ó kàwé gboyè fi máa ń ṣi he àti she lò nígbà tí inú bá ń bí i tàbí tí ó bá ń kánjú.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó rí báyìí. Èdè Ígbò kò pín arọ́pò-orúkọ sí akọ àti abo; Píjìn tí gbogbo wọn ń sọ ní ìgboro kò pín in pẹ̀lú. Èdè Tọ́kì, tí ó jìnnà sí wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ohun aláìlẹ́mìí. Haúsá ni ó yàtọ̀: ó ń ya akọ kúrò lára abo, kì í ṣe nínú ẹni kẹta nìkan, ṣùgbọ́n nínú ẹni kejì ẹyọ pẹ̀lú, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò dé. Nítorí náà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Ṣáṣá, ọmọ Haúsá lè lóye he àti she kíákíá, kí ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ígbò máa táràrà. Olùkọ́ tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé ọ̀kan gbọ́n, àwọn méjì yòókù gọ̀.

Rẹ̀ tún mú ìṣòro mìíràn wá. “Adé fẹ́ràn ìyá rẹ̀” ni Yorùbá wí. Ọmọ lè kọ her mother sílẹ̀ nítorí pé obìnrin ni ìyá. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí ó ni nǹkan ni kí a wò, kì í ṣe ohun tí ó ní. Ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ èdè Faransé ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, òfin tí ó dojú kọ ọ̀tọ̀ ni: ohun tí a ní ni Faransé ń wò. Bí òfin méjèèjì ti tako ara wọn yìí, ó hàn gbangba pé kì í ṣe làákàyè ni ó sọ èyí tí ó tọ̀nà, bí kò ṣe àṣà èdè kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó jẹ́ àṣà, àlàyé ni a fi ń kọ́ni, kì í ṣe pàṣán.

Ibòmíràn wà tí Yorùbá ti ń pààlà tí Gẹ̀ẹ́sì kò pa. Ọmọ kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé, “My father has come. They are eating.” Olùkọ́ fi yẹ́ńkì pupa fa ìlà sí they, ó ní ẹnì kan ni bàbá. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. “Bàbá mi ti dé, wọ́n ń jẹun” ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá fi ó pe bàbá rẹ̀, a ó ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ní ti Yorùbá àjùmọ̀lò, o àti ẹ, ó àti wọ́n, kì í ṣe iye nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n ń wọn ọjọ́ orí àti ipò pẹ̀lú. Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀ka-èdè kan ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá kò lo arọ́pò ọ̀pọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo bí ti Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, ní Èkó, àṣà Ọ̀yọ́ yìí ni ó borí. Nígbà tí ọmọ bá kọ he nípa bàbá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí a ní kí ó ṣe tóbi ju gírámà lọ: a ní kí ó fi ìwà kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó tọ́ kí a sọ fún un pé kì í ṣe àfojúdi.

Ìrọ̀rùn wà fún olùkọ́ tí ó bá mọ ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní àtijọ́, thou ni wọ́n ń lò fún ẹnì kan, you sì wà fún ọ̀pọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi you bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ẹ. Ọ̀wọ̀ náà pọ̀ débi pé thou fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó sì ku you nìkan fún ọba àti ẹrú. Bí a bá fi èyí yé ọmọ, yóò rí i pé you tí òun ń bẹ̀rù láti fi pe àgbà, ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Títí di òní, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọnù yìí ni ọmọ Nàìjíríà ń wá nígbà tí ó bá fi sà àti mà dí ìparí gbólóhùn rẹ̀. Sà àti mà wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ẹ nínú Gẹ̀ẹ́sì wa.

Wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. “Wọ́n ń pè yín” lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń pè, kí ó má sì jẹ́ àgbà rárá. A kàn kò fẹ́ dárúkọ ẹni náà ni. Ọmọ á ní, “They are calling you,” àlejò á sì yọjú síta láti wo èrò tí ń pè é. Ibi tí Yorùbá ti ń lo wọ́n láti má dárúkọ olùṣe, Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń yí gbólóhùn padà tàbí kí ó lo somebody. Ẹ̀yà kẹjọ nínú àkọ́sórí ni èyí, ṣùgbọ́n àkọ́sórí kò sọ fún ọmọ pé wọ́n ilé rẹ̀ ni ó bá a pàdé.

Bí a bá dé orí ara, ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín. “Adé àti Bọ́lá fẹ́ràn ara wọn” ní ìtumọ̀ méjì nínú Yorùbá: olúkúlùkù fẹ́ràn ara tirẹ̀, tàbí ọ̀kan fẹ́ràn èkejì. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó fi themselves fún ti àkọ́kọ́, ó fi each other fún èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa ni ó ń dìde níbi ìgbéyàwó, tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì yin ọkọ àti ìyàwó pé they love themselves. Lójú ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, ìyìn náà di èébú: ọkọ fẹ́ràn ara rẹ̀, ìyàwó fẹ́ràn ara rẹ̀, kò sí ẹni tí ó rántí ẹnìkejì. Nínú àkọ́sórí, ẹ̀yà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí olùkọ́ kò bá sọ pé ara kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ọmọ kò ní mọ ibi tí ewu wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tí. Tí wa kì í yí padà. Kò bìkítà bóyá ènìyàn ni tàbí nǹkan, olùwà ni tàbí àbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ lásán ni, bí a bá fẹ́ sọ ti ìní, rẹ̀ ni ó ń gbé e: “ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì.” Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ méjèèjì lé whose nìkan lórí. Nígbà tí ọmọ bá kọ ọ́ pé the man that his wife is a nurse, kò ṣe àìbìkítà. Ó to gbólóhùn náà dáradára lórí ìpìlẹ̀ tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó rí ìpìlẹ̀ náà lè tún un tò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí kò rí i yóò máa fa ìlà pupa títí ọdún yóò fi parí.

Kí a má ṣe rò pé àìtó Yorùbá nìkan ni ìfiwéra yìí ń fi hàn. Òun ni ẹ̀rí. “Adé sọ pé òun ti jẹun”: Adé fúnra rẹ̀ ni ó jẹun. “Adé sọ pé ó ti jẹun”: ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹlòmíràn. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ju he kan ṣoṣo lọ fún méjèèjì, ẹni tí ń gbọ́ ni yóò wá ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè Ewé ní ilẹ̀ Gánà àti Togo ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1974, Claude Hagège, onímọ̀ èdè ará Faransé, fún irú arọ́pò-orúkọ yìí ní orúkọ tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ èdè. Àwọn ìwé gírámà Yorùbá tí a ń lò ní ilé-ìwé ń pe òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi, ìwọ, àwa, ẹ̀yin, àwọn, ní arọ́pò-afarajorúkọ, nítorí pé wọ́n ń hùwà bí orúkọ: a lè fi àti so wọ́n pọ̀, a sì lè fi ni tẹnu mọ́ wọn. Kò sí ààyè fún òun nínú ẹ̀yà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti ojú pátákó. Ọmọ tí ó gbé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wá sí ilé-ìwé, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé ohun èlò ni, á kẹ́kọ̀ọ́ láti kẹ́gàn èdè rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó yẹ kí a tọ̀ kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, àti gírámà rẹ̀ ní ọdún 1852, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣàlàyé Yorùbá, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ́ kà á mọ̀. Bowen, ará Amẹ́ríkà, ṣe bákan náà ní ọdún 1858. Kò sí ẹni tí ó ní kí Òyìnbó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó lè kọ́ Yorùbá. Láti inú ohun tí ó mọ̀ ni a ti fà á lọ sí ohun tí kò mọ̀. Ẹ̀tọ́ tí a fún Òyìnbó ní ọdún 1852 ni a kò tíì fún ọmọ Ṣáṣá.

Àwọn kan lè wí pé àkókò ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àkókò Yorùbá, àti pé bí ọmọ bá ti ń gbọ́ Yorùbá sí i, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò máa bàjẹ́ sí i. Ìdánwò tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dá wọn lóhùn. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn sí ti àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Síbẹ̀ ìlànà ìjọba ń lọ síwá sẹ́yìn: Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2018 tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti pa èyí tì, kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Ọmọ kò lè dúró de ìgbà tí wọn yóò fi ẹnu kò. Ohunkóhun tí òfin bá sọ nípa èdè tí a fi ń kọ́ni, kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì má mọ èdè tí ó wà lẹ́nu ọmọ tí ó ń kọ́.

Ààlà wà fún ìmọ̀ràn yìí pẹ̀lú. Ìfiwéra kò lè rọ́pò sísọ. Kò sí ẹni tí ń mọ̀ ọ́n wẹ̀ nípa gbígbọ́ àlàyé omi. Lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti fi ó hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ he àti she, ó kù kí àwọn ọmọ sọ ìtàn ìyá, ìtàn bàbá, ìtàn ajá, títí ẹnu wọn yóò fi mọ́ ọn. Àkọ́sórí ẹ̀yà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò sì jẹ́ ohun ìdànù. Ó wúlò fún ẹni tí ó ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, tí ó fẹ́ mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé ìmọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ. A kì í ṣe ìsọmọlórúkọ kí a tó bímọ.

Olùkọ́ Yorùbá náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọ bá ń kọ rẹ àti rẹ̀ láìsí àmì ohùn, tí olùkọ́ rẹ̀ kò sì bá a wí, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ àti ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dàrú mọ́ ọn lójú nínú èdè tirẹ̀ kí ó tó dé orí your àti his. Àmì kékeré kan ni ó wà láàárín “ilé rẹ” àti “ilé rẹ̀”. Ẹni tí kò kọ́ ọmọ láti rí i, kò ní ẹ̀tọ́ láti bínú nígbà tí ọmọ náà bá ṣi ilé onílé gbà nínú èdè mìíràn.

Ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá ń bẹ níwájú àwọn ọmọ Ṣáṣá, ẹni tí kò bá sì yege nínú Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ìlẹ̀kùn yunifásítì ṣòro fún un láti ṣí. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ni bóyá a pe ọmọ ní olódo nítorí he kan tí ó yẹ kí ó jẹ́ she. Ọmọ tí ó ṣì í ń tẹ̀lé òfin kan, ó sì ń tẹ̀lé e láìyẹsẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti wò ó, láti mọ iye rẹ̀, kí ó sì fi han ọmọ bí wọ́n ti ń wọ aṣọ ní òde tí ó ń lọ.